Nọ́ńbà Ara Páálí Kọ́ Ni Agbára Ìbọn

Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé lára páálí ìbọn afẹ́fẹ́ ni nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ gàdàgbà: 1,000, tàbí 1,200, nígbà mìíràn 1,400. Iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọta ìbọn náà ń fò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ẹni tó ń wá ìbọn kan ṣoṣo tí yóò máa fi dẹ ehoro lọ́jọ́ Sátidé, tí yóò sì tún máa fi yìn sí àmì lọ́jọ́ Àìkú, nọ́ńbà yìí ni yóò wò kó tó wo ohunkóhun. Èyí tó bá pọ̀ jù lọ ni yóò gbé lọ sílé. Ẹ bi í ní ìdí rẹ̀, yóò ní ọta tó bá yára jù ló lágbára jù, èyí tó bá sì lágbára jù ni kì í tàsé.

Àṣìṣe ni gbólóhùn méjèèjì, èkejì sì burú ju èkíní lọ nítorí ẹran ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń fi ẹ̀kẹta kún un: pé ìbọn ọdẹ yàtọ̀ pátápátá sí ìbọn àmì, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ra ìbọn méjì. Ẹ̀kẹta yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti orí ìbọn tó péye jù lọ láyé bẹ̀rẹ̀ ná.

Láti ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Los Angeles lọ́dún 1984 ni wọ́n ti ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ díje níbẹ̀. Mítà 10 ló wà láàárín ẹni tó ń yìnbọn àti àmì rẹ̀. Ojú tó wà láàárín gbùngbùn àmì náà, èyí tó ni máàkì 10, kò fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ. Àmì ìdánudúró tó parí gbólóhùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Ọta 60 ni oníkálukú ń yìn. Wọ́n ń pín máàkì sí ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí náà ọta kan lè gba 10.9, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 654 fún ẹni tí kò ṣìnà rárá. Àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà ń gba 630 sókè. Báwo wá ni ọta wọn ṣe ń yára tó? Nǹkan bíi mítà 175 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni, èyí tí kò pé 600 ẹsẹ̀ bàtà. Ìdajì nọ́ńbà ara páálí ni, àbí kó má tilẹ̀ tó ìdajì. Bó bá jẹ́ eré ọta ló ń mú kó bá àmì, àwọn ìbọn Feinwerkbau, Walther àti Anschütz tí wọ́n ń gbé lọ sí Òlíḿpíìkì ì bá ti di ohun tí à ń fi dá iná.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ṣakabùlà. Ìbọn tí àwọn baba wa mọ̀ ni èyí tí a ń rọ ẹ̀tù sí. Bí ẹ̀tù bá kéré, ọta á já sílẹ̀ níwájú ẹran bí ẹni tó ti rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá tó, ìbọn á dún gbòlà, ìdí rẹ̀ á gbá èjìká ọdẹ, ẹran á sì ṣubú. Bó ṣe dún tó ni a fi ń mọ bó ṣe lágbára tó. Yàtọ̀ sí èyí, ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni ọdẹ sábà máa ń kì sínú rẹ̀. Bí mẹ́jọ bá tàsé, ẹ̀kẹsàn-án lè bá ẹran. Ìbọn afẹ́fẹ́ kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kò ní ẹ̀tù. Ọta kan ṣoṣo ló ń yọ lẹ́nu rẹ̀, òjé tíńtín tí kò wúwo ju hóró àgbàdo díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé òye ṣakabùlà wá sídìí ìbọn afẹ́fẹ́ dà bí ẹni tó gbé kóńgò gàrí lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà.

Kí ni agbára ọta gan-an? Ohun méjì ló so pọ̀ di agbára: ìwúwo ọta àti ìyára rẹ̀. A ó mú ìdajì ìwúwo rẹ̀ ní kílógíráàmù, a ó fi ìyára rẹ̀ ní mítà sọ ọ́ di púpọ̀, a ó tún fi ìyára yẹn kan náà sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní joule. Ẹ mú ọta òjé tó wúwo tó 0.54 gíráàmù, tó ń fò ní mítà 244 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: agbára rẹ̀ jẹ́ joule 16. Ẹ wá mú ọta ìbọn tí ihò ọ̀pá rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀, tó wúwo tó 0.93 gíráàmù, tó ń fò ní mítà 186 péré. Joule 16 náà ni. Mítà 58 ni èkíní fi yára ju èkejì lọ, síbẹ̀ agbára wọn dọ́gba. Ẹni tó bá fi eré nìkan ṣèdájọ́ yóò pe èkejì ní ọ̀lẹ.

Báwo wá ni àwọn tó ń ṣe ìbọn ṣe ń rí 1,200 tàbí 1,400 kọ? Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa dandan. Ọta tí wọ́n fi dán ìbọn wò ni wọn kì í kọ gàdàgbà bíi nọ́ńbà náà. Ọta kan wà tí kò ní òjé nínú, àdàpọ̀ àwọn irin mìíràn tó fúyẹ́ ni wọ́n fi rọ ọ́. Ìwúwo rẹ̀ lè má ju 0.34 gíráàmù lọ. Ìbọn tó bá yin irú ọta bẹ́ẹ̀ ní 1,200 ẹsẹ̀ bàtà lè má yin ọta òjé tí ọdẹ ń lò ju 900 lọ. Ọta fífúyẹ́ náà kì í sì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ mú èèpo ẹ̀pà kan àti òkúta wẹ́wẹ́ kan, kí ẹ fi gbogbo agbára apá yín jù wọ́n. Èèpo ẹ̀pà á yára kúrò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n níwájú yín níbẹ̀ ló máa balẹ̀ sí. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà ara páálí. Ehoro kì í jókòó sí ẹnu ìbọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìró ń rìn ní mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 1,125 ẹsẹ̀ bàtà. Ìbọn tí wọ́n bá kọ 1,200 sí lára ń fẹ́ yin ọta tó yára ju ìró lọ. Ẹ wo bí ọta ìbọn afẹ́fẹ́ ṣe rí: ó jọ ìlù gángan, orí ní iwájú, ìbàdí tó rí tínínrín láàárín, àti ìdí tó fẹ̀ tó sì jẹ́ kòròfo. Orí ló wúwo. Ìdí tó fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń dì mú lẹ́yìn kí ọta má baà yí gbirigbiri, bí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọfà ṣe ń mú ọfà lọ tààrà. Ìṣètò yìí dára púpọ̀ fún ohun tó ń lọ́ra ju ìró lọ. Nígbà tó bá sún mọ́ ìyára ìró, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ á kó jọ bí ògiri, á máa gbá a síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí eré rẹ̀ bá sì ń dín kù tó tún gba ààlà yẹn kọjá padà, á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ọta tó ń gbọ̀n kò mọ ibi tó ń lọ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ kí ọta wọn kọjá 950 ẹsẹ̀ bàtà, bí ìbọn wọn tilẹ̀ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró “páà” tí ọta ń pa bó bá la ìyára ìró kọjá, tí inú olówó ìbọn ń dùn sí, ẹran tó wà nítòsí gbọ́ ọ pẹ̀lú.

(Kí ẹnikẹ́ni má fi ọta ìbọn ológun bi mí. Ọta gígùn ṣóńṣó nìyẹn, wọn kò gbẹ́ ẹ bí ìlù.)

Bí a bá wá kúrò lórí eré, kí ló ń pa ẹran? Nínú ẹ̀sìn Candomblé ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Kétu gbé òrìṣà wọn dé nígbà òwò ẹrú, wọ́n ń sọ ìtàn kan nípa Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ẹyẹ abàmì kan wá bà lé orí ààfin nígbà ọdún ìkórè. Olọ́fà ogún dé, ó ta gbogbo rẹ̀ tán, ẹyẹ kò mira. Olọ́fà ogójì dé, òun náà tàsé. Olọ́fà àádọ́ta dé, pàbó ló já sí. Ẹni tó ní ọfà kan ṣoṣo ló wá mú ẹyẹ náà balẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Oxotokanxoxo títí dòní; ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ìparí orúkọ yẹn ń wí. Wọ́n ní ẹbọ tí ìyá rẹ̀ rú ló gbè é. Èmi kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó sọ fún wa bí ọfà náà ṣe yára tó. Ibi tó bá ni wọ́n sọ.

Orí ni ọdẹ tó ń lo ìbọn afẹ́fẹ́ ń fojú sùn lára ehoro. Ibi tí ọta ti lè pa á lójú ẹsẹ̀, láàárín ojú àti ìdí etí, kò fẹ̀ ju mìlímítà 25 sí 30 lọ. Ọta joule 16 tó bá bọ́ síbẹ̀ láti mítà 30 ti parí iṣẹ́. Ọta joule 30 tó bá bọ́ sí ikùn tàbí itan, ehoro á gbé e wọ inú ihò, á sì jẹ̀rora níbẹ̀ kó tó kú. Ọdẹ á délé, á ní òun yìn ín ṣùgbọ́n kò kú. Ehoro kú, ọdẹ ni kò rí i. Láàárín àwọn ọdẹ wa pàápàá, ẹran tó gbọgbẹ́ lọ kì í ṣe ohun ìyangàn, wọn a máa tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nítorí náà, ohun tí ọdẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ìbọn afẹ́fẹ́ àti ohun tí ẹni tó ń yìn sí àmì ń bẹ̀bẹ̀ fún kò yàtọ̀: kí ọta tó tẹ̀ lé òmíràn bọ́ sí ibi tí ti àkọ́kọ́ bọ́ sí. Ní mítà 30, ìbọn tó dára yóò kó ọta márùn-ún sínú ohun tí kò tóbi ju kọ́ìnì pẹ́ńsì mẹ́wàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìbọn tí kò bá lè ṣe é kò yẹ fún ehoro, kò sì yẹ fún páálí àmì. Bí ìbọn bá lè ṣe é tí ẹni tó dì í mú kò lè ṣe é, kó máa yìn sí páálí títí yóò fi lè ṣe é, kó fi ehoro sílẹ̀ ná. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ dẹ ẹran tí kì í yìn sí àmì láàárín ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọdẹ, ayọjú-sígbó ni.

Òótọ́ díẹ̀ tí mo ní ó wà nínú gbólóhùn ẹ̀kẹta nìyí. Ìbọn Òlíḿpíìkì kò lè ṣọdẹ. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi joule 7.5 lọ, ojú ìbọn rẹ̀ jẹ́ ihò kékeré tí a ń yọjú gbà, èyí tí kò wúlò nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ehoro ń jáde. Òfin ìdíje gbà á láyè láti wúwo tó kílógíráàmù 5.5, ẹ máa gbé e rìn nínú igbó kí n rí yín. Ìbọn ọdẹ pẹ̀lú kò lè gba góòlù ní Òlíḿpíìkì. Bí ẹni kan bá ní òun ń lọ sí ìdíje mítà 10, mo gbà, kó ra ìbọn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdíje mítà 10 nìkan kọ́ ni ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Field Target wà, tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti gbà. Inú igbó tàbí pápá ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á fi irin gé àwòrán ẹranko, ehoro, ẹyẹ tàbí eku, wọ́n á lu ihò kan sí i lára. Ihò náà lè fẹ̀ tó mìlímítà 40, ó sì lè kéré tó 15. Bí ọta bá gba inú ihò kọjá, irin á ṣubú. Bó bá kan etí ihò, irin á dúró ṣinṣin bí ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kì í sọ fún yín bó ṣe jìnnà tó. Láti nǹkan bíi mítà 7 títí dé 50 ni, ojú yín àti awò ìbọn yín ni yóò sọ. Ọdẹ ni wọ́n sọ di eré níbẹ̀, iye agbára tí òfin ìdíje sì gbà ni foot-pound 12, tó jẹ́ joule 16 ó lé díẹ̀. Iye yẹn kan náà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún ìbọn ọdẹ tí kò ní ìwé àṣẹ. Ìbọn bíi TX200 tí ilé iṣẹ́ Air Arms ń ṣe, tàbí HW97 ti Weihrauch ní Jámánì, ẹ ó rí i lọ́wọ́ ọdẹ, ẹ ó tún rí i lórí pápá ìdíje, láìsí pé wọ́n pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀.

Ọta ni kí ẹ máa pààrọ̀, kì í ṣe ìbọn. Ọta tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ń gé ihò róbótó sára páálí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń lò ó ní mítà 10, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń dí i lọ́nà, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i bó bá ti kọjá mítà 25. Olórí róbótó bí ìdí igbá ni ti ọdẹ àti ti Field Target. Olórí ṣóńṣó, tí ọmọdé ń nífẹ̀ẹ́ sí nítorí ó jọ ọ̀kọ̀, sábà máa ń tàsé ju àwọn yòókù lọ. Ìbọn kọ̀ọ̀kan sì ní ọta tó fẹ́ràn: ìbọn méjì tó jáde ní ilé iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà lè kọ ọta ara wọn. Ó yẹ kí ẹ dán oríṣi mẹ́ta sí mẹ́rin wò kí ẹ tó dá ìbọn lẹ́bi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ihò ọ̀pá ìbọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tó ti di òwe lẹ́nu àwọn ọdẹ wọn, pé ihò kékeré ni ti ohun tó ní ìyẹ́, ihò ńlá ni ti ohun tó ní irun. Ìyẹn ni pé 4.5 mìlímítà wà fún àdàbà, 5.5 wà fún ehoro. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ ti gbà á bí ẹní gba òfin. Ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ti já a: agbára méjèèjì dọ́gba lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ọta ń gbà. Èyí tó lọ́ra ń pẹ́ lójú ọ̀nà, òòfà ilẹ̀ sì ń rí àyè fà á sílẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ọta méjì tí mo dárúkọ lókè. Ní mítà 10, kékeré á ti já sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ńlá ní kan àti ààbọ̀. Ta ló ń ka ìyẹn? Ní mítà 40, kékeré ti já ní sẹ̀ǹtímítà 17, ńlá ti já ní 29. Bí ẹ bá ṣi ọ̀nà wò, tí ẹ ro pé mítà 35 ni ohun tó jẹ́ 40, ọta kékeré ṣì lè bá etí ibi tí ẹ fẹ́. Ọta ńlá ti bọ́ sí àgbọ̀n ehoro tàbí ọrùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì, 4.5 mìlímítà ni mo máa ń sọ fún un. Òun náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń díje nínú Field Target ń lò, ọta rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti èkejì. Ẹni tó jẹ́ pé eku inú abà ló ń dẹ, tí kò kọjá mítà 15, kó gbé 5.5 rẹ̀ láìsí ìjà: ọta ńlá rọrùn láti fi sínú ìbọn nígbà òtútù, ó sì ń ṣe ọgbẹ́ tó fẹ̀ díẹ̀. Ẹ rántí pé awò ìbọn wà lókè ihò rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Eku tó bá wà ní mítà mẹ́jọ, ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fojú sùn ni ọta á bá. Èyí ni ọdẹ tuntun fi ń tàsé eku tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ béèrè ìbọn tó yára jù bẹ́ẹ̀.

Bí ìbọn ṣe ń rí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tún kan ọ̀rọ̀ wa ju nọ́ńbà lọ. Nínú ìbọn onísípíríǹgì, bí ẹ bá ti fà á, sípíríǹgì á ju písítìn síwájú, ìbọn á ta sẹ́yìn. Písítìn á kan afẹ́fẹ́ tó ti há, ìbọn á tún ta síwájú. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá. Ẹni tó bá di irú ìbọn yìí mú bí ẹni tó ń bá olè jà, kò ní bá àmì láé; ẹ jẹ́ kó sinmi lórí àtẹ́lẹwọ́, kó ta bó ṣe fẹ́ ta, kó sáà máa ta bákan náà nígbà gbogbo. Ìta síwájú yìí náà ló ń fọ́ awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ẹlẹ́tù, tí kò mọ̀ ju ìta sẹ́yìn lọ. Bí sípíríǹgì bá ṣe le tó ni ìbọn á ṣe máa ta tó. Níbí ni nọ́ńbà ara páálí ti ń fìyà jẹ ẹni tó gbà á gbọ́: ìbọn onísípíríǹgì tó ń sáré 1,200 ló ṣòro jù láti dì mú, apá olówó rẹ̀ á sì rọ kó tó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ogún.

Ìbọn onísílíńdà kì í ta. Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú rẹ̀ sábà máa ń tó bar 200, nǹkan bíi ìlọ́po 90 ti inú táyà ọkọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tú u sílẹ̀. Ó rọrùn láti yìn, ó sì péye. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò parí sórí ìbọn: ẹ ó ra pọ́ǹpù tí yóò mú yín làágùn, tàbí sílíńdà bíi ti àwọn òmùwẹ̀. Bí owó bá wà, òun ni kí ẹ rà. Bí kò bá sí, onísípíríǹgì tí ọ̀pá rẹ̀ dúró lójú kan, tí agbára rẹ̀ kò ju joule 16 lọ, yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì, yóò sì kọ́ yín ní sùúrù tí onísílíńdà kì í kọ́ni. Ẹ má ṣe gbọ́ ti àwọn tó ń ní kí ẹ kán epo sínú ihò rẹ̀ kí ó lè gbóná. Epo á gbiná nínú rẹ̀ lóòótọ́, ìró rẹ̀ á ga, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọta kọ̀ọ̀kan á sì máa sá. Láìpẹ́ rọ́bà àti sípíríǹgì á bàjẹ́.

Àṣìṣe kan ṣì kù tí n kò lè fò dá, èyí tó ń kó ènìyàn sí wàhálà ọlọ́pàá: pé ohun ìṣeré ọmọdé ni ìbọn afẹ́fẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1780, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Austria gba ìbọn afẹ́fẹ́ tí Bartolomeo Girandoni ṣe, èyí tó lè yin ọta ogún láìtún kì í. Meriwether Lewis, arìnrìn-àjò aṣàwárí ilẹ̀ nì, gbé ìbọn afẹ́fẹ́ kan dání nígbà tó ń la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láàárín 1803 sí 1806. Ìṣeré kọ́ nìyẹn. Òfin òde òní pẹ̀lú kò kà á sí ìṣeré. Ní Jámánì, èyí tó bá ju joule 7.5 lọ nílò ìwé àṣẹ. Ní Scotland, láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2016, àní èyí tí kò tó joule 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé ọlọ́pàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní England kò nílò rẹ̀. Ní Northern Ireland, joule kan péré ni ààlà.

Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìbọn ti ọdún 1959 to ìbọn afẹ́fẹ́ sí apá kejì àtòkọ rẹ̀, pa pọ̀ pẹ̀lú ìbọn ọdẹ òyìnbó, àwọn tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà wà ní apá kẹta lọ́tọ̀. Ìbúra tí àwọn kan ń búra pé kò nílò ìwé nítorí pé afẹ́fẹ́ lásán ló ń yìn kò sí nínú òfin. Nítorí náà, ẹni tí àbúrò rẹ̀ ní Èkó bá fóònù sí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọ̀kan sínú báàgì,” kó dá a lóhùn pé rárá, kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ.

Ẹ̀yin tí òfin ìlú yín gbà láyè, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ da ojú páálí dé. Ẹ béèrè iye joule tí ìbọn náà ń gbé jáde pẹ̀lú ọta òjé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní pápá tí ẹ ti lè dán an wò, ẹ mú oríṣi ọta mẹ́ta lọ síbẹ̀, kí ẹ yin márùn-ún márùn-ún sí páálí láti mítà 30. Èyí tó bá kó ọta márààrún jọ sójú kan ni kí ẹ sanwó rẹ̀, ì báà jẹ́ pé nọ́ńbà tirẹ̀ ló kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù.